Adìyẹ Ni Wọ́n Ń Wò, Wọn Ò Wo Ìka Ẹsẹ̀ Mi

Bọ́tìnnì ni mo ń kà. Mo ra dọ́sìn méjì lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta èèlò ìránṣọ ní Akówonjo, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó pé. Mẹ́tàlélógún ni mo bá nínú ọ̀rá. Mo tún un kà bí mo ṣe ń rìn lọ, mẹ́tàlélógún náà ni. Mo ń rò ó bóyá kí n padà nítorí bọ́tìnnì kan ṣoṣo nígbà tí mo dé ibi bọ́ǹpù, òkìtì símẹ́ńtì tó ń dín eré ọkọ̀ kù, ní ẹnu àdúgbò wa. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi àyè tí a fi sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Mo ti kà dé mẹ́rìndínlógún ní ẹ̀ẹ̀kẹta nígbà tí ọ̀kadà gbá mi láti ẹ̀yìn.

Mo ń kọ èyí fún ẹni tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ àti fún àwọn ará ilé rẹ̀, nítorí àwọn ará ilé ló sábà máa ń pinnu ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Aránṣọ ni mí. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo sì ti ń ránṣọ ní Ẹgbẹ́dá láti ìgbà tí àkọ́bí mi, Ṣadé, ṣì ń rákò. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo ló ṣe rí lára mi lásìkò náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò rí bákan. Nítorí náà, ohun tí ojú mi rí ni màá kọ, bó ṣe tẹ̀ léra.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ti bọ́ǹpù náà. Òpópó wa kì í ṣe títì ńlá, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá pọ̀ lọ́nà Ẹgbẹ́dá, inú àdúgbò wa ni àwọn awakọ̀ máa ń gbà já sí Akówonjo, eré tí wọ́n sì máa ń sá kò kéré. Ọ̀nà yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ń rìn lọ sí ilé ìwé, òun náà ni àwọn bíríkìlà àti àwọn oníbúrẹ́dì ń gun kẹ̀kẹ́ gbà. Nígbà tí ọkọ̀ kan gbá ọmọ tó ń gbé ilé kejì sí tiwa lápá, ẹgbẹ́ onílé pe ìpàdé, wọ́n ní kí ayálégbé náà wá. Wọ́n fẹnu kò pé a ó fi símẹ́ńtì mọ bọ́ǹpù mẹ́ta.

N kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ọjọ́ yẹn ni mo nawọ́. Mo ní tí bọ́ǹpù bá gùn kan gọ́tà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, oníkẹ̀kẹ́ tó di búrẹ́dì sẹ́yìn yóò ṣubú, ìyá tó ru omi kò sì ní lè gun orí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ létí gọ́tà.

"Àyè yẹn máa fẹ̀ tó báwo, Ìyá Ṣadé?" ni alága bi mí. "Ẹ̀yin lẹ kúkú ní téèpù."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo lọ mú téèpù mi nílé. Mo wọn ọwọ́ kẹ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì, mo wọn ẹnu abọ́ tí ọmọbìnrin kan fi ń pọn omi, mo fi ínǹṣì díẹ̀ kún un. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni mo pè fún wọn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta géérégé sì ni bíríkìlà fi sílẹ̀.

Ọkọ̀ ń rọra lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn ni ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ládùúgbò wa, ọlọ́kadà kì í sì í fẹ́ gun bọ́ǹpù. Ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbà, ọ̀kadà náà lè gbà á. N kò rò ó dé ibẹ̀ nígbà tí mo ń wọn ọ́n.

Nígbà tí ọ̀kadà náà gbá mi, kò dùn mí. Àwọn tó bá bi mí kì í gba èyí gbọ́. Mo gbọ́ ìró kan, bí igi ìdáná tí wọ́n fi orúnkún dá sí méjì. Mo rí bọ́tìnnì tó fọ́n kálẹ̀. Mo sì rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ mi ọ̀tún kọjú sí ibi tí kò yẹ kó kọjú sí. Awọ ẹsẹ̀ náà bó díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kò tó nǹkan.

Ọmọkùnrin tó gun ọ̀kadà náà kò sá lọ. Ó fọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé ẹ máa yà fún mi ni."

"Kí wọ́n yà síbo?" Obìnrin tó ń din àkàrà lẹ́bàá ibẹ̀ ló dá a lóhùn. "Sínú gọ́tà? Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lo gbé maṣíìnì gbà, o tún ní kí ẹlẹ́sẹ̀ yà fún ọ! Orí rẹ ò pé jàre."

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ló gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. A dé ibẹ̀ ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èèyàn mẹ́rìnlá ló wà níwájú wa níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Wọ́n tẹ́ mi sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ki páálí méjì mọ́ ẹsẹ̀ mi. Ìgbà yẹn ni ìrora wá dé, ó sì dé tán pátápátá. Ọkùnrin kan tó fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́rùn jókòó tì mí. Ó wò mí títí, ó ní, "Màmá, tèmi lápá, tiyín lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá so wá pọ̀, wọ́n á rí odidi èèyàn kan yọ níbẹ̀ ṣá." Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n pe orúkọ mi.

Fọ́tò eegun tí wọ́n yà fi hàn pé eegun méjèèjì tó wà lábẹ́ orúnkún mi ló ṣẹ́. Dókítà ní wọ́n á so ohun tó wúwo mọ́ ẹsẹ̀ náà láti fà á tọ́, màá sùn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n fi irin sí i lẹ́yìn náà. Ní àràárọ̀, nọ́ọ̀sì máa ń tẹ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, á dúró wò ó kí ó funfun, kí ó sì tún pọ́n. N kò mọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì bi í. Ó yẹ kí n bi í.

Ní ọjọ́ karùn-ún ni Àǹtí Àdùkẹ́ dé láti ìlú wọn lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, òun ló sì tọ́ ọkọ mi dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Obìnrin rere ni. Adìyẹ méjì ló gbé wá, ọ̀kan fún ọbẹ̀, ó ní èkejì níṣẹ́. Ó wo òkùn àti ohun tó rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ mi.

"Irin? Irin ni wọ́n fẹ́ kì bọ ẹran ara ìyàwó mi? Ṣé ilẹ̀kùn ni?"

"Àǹtí, dókítà ní ó ṣeé ṣe ni o," ni ọkọ mi wí.

"Dókítà tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Ọkùnrin tó já lórí ọ̀pẹ nílé wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni Bàbá tó to eegun rẹ̀ lò, ó sì ti tún ń gun ọ̀pẹ. Ìlú Èkó yìí ti sọ yín di òyìnbó. Ìyàwó mi, ṣé mo purọ́?"

Mo ní, "Ẹ ò purọ́, mà." Kò sì purọ́. Èmi náà mọ ọkùnrin ọlọ́pẹ yẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn ìbátan mìíràn wá, wọ́n ń sọ ohun kan náà. Ọkọ mi jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó bi mí pé, "Kí ni ìwọ rò?" Mo ní, "Ohun tí ẹ bá ní ká ṣe ni." Ẹ̀rù irin yẹn náà ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ́ ló sọ gbólóhùn yẹn. Bí mo ṣe máa ń dá ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn láti ọdún mẹ́tàdínlógún tí a ti fẹ́ra nìyẹn, ó kàn ti ẹnu mi jáde bó ṣe máa ń jáde ni.

Dókítà gbé ìwé kan wá pé èmi ni mo fẹ́ lọ, kì í ṣe àwọn ni wọ́n lé mi. Ó ní, "Màmá, ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i." Mo kà á tán. Mo fọwọ́ sí i. Mo mọ̀wé kà, kò sẹ́ni tó tàn mí jẹ.

Bàbá mìíràn tó ń to eegun ní Èkó níbí ni wọ́n gbé mi lọ bá, lẹ́yìn Ìkòtún. Àgbàlá rẹ̀ mọ́. Èèyàn mẹ́jọ la bá níbẹ̀, méjì nínú wọn ti ń fi ọ̀pá rìn, wọ́n sì kí wa káàbọ̀ bí ìgbà tí èèyàn dé ilé ìyàwó. Bàbá náà jẹ́ onísùúrù. Kò parọ́ fún wa, kò sì bèèrè ohun tí a kò ní. Ó gba adìyẹ kejì lọ́wọ́ Àǹtí, ó fi ọwọ́ wá ibi tó bá ti ẹsẹ̀ mi mu lẹ́sẹ̀ adìyẹ náà, ó sì dá eegun ibẹ̀. Ó fi ẹ̀là ọparun àti aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ dì í. Lẹ́yìn náà ló fi òrí ra ẹsẹ̀ mi, ó fà á, ó fi ọparun yí i ká, ó sì fi aṣọ dì í le dáadáa láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n so adìyẹ mọ́ òpó tó wà níwájú ẹní mi.

"Ọjọ́ tí adìyẹ yìí bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀," ni Bàbá wí, "ẹ̀yin náà ti fẹ́ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìran dé ìran. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kí mi, adìyẹ ló kọ́kọ́ ń wò. "Ó ti jẹ àgbàdo?" "Ó jẹ." "Ó ti na ẹsẹ̀ yẹn?" "Kò tíì nà án, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti là." Èmi náà ń wò ó. Kò sí ohun mìíràn láti wò.

Ọjọ́ kìíní àti ìkejì, ìrora náà pọ̀ ju ti ọjọ́ tó ṣẹ́ lọ. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹsẹ̀ mi ń wú nínú ìgò. Mo sunkún, mo ní kí wọ́n dẹ ìdè náà, Bàbá ní eegun ló ń wọlé síra wọn. Ní ọjọ́ kẹta, ìrora náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, ó lọ. Àǹtí Àdùkẹ́ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí dúró díẹ̀ níbí. Bí wọ́n bá di ẹsẹ̀ rẹ, tí ó ń dùn ọ́ gan-an, tí ìrora náà sì ṣàdédé lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan dẹ ìdè náà, má dúpẹ́ kí o tó fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ rẹ. Tó bá tutù, tó bá dúdú, tí o kò bá mọ ọwọ́ tó kàn án, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́ nìyẹn, kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ọjọ́ keje, adìyẹ dìde. Ó tiro dé etí abọ́ omi rẹ̀, ó mu, ó tiro padà. Gbogbo àgbàlá pariwo. Ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn ń jó pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Àǹtí Àdùkẹ́ dì mọ́ mi lọ́rùn. Láti èjìká rẹ̀, mo rí eṣinṣin kan tó bà lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi. Ó rìn láti èékánná dé oríkèé, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó tún rìn padà. Mo ń wò ó. N kò mọ̀ ọ́n lára rárá, àfi bíi pé orí tábìlì ló wà.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. Inú gbogbo wọn dùn. N kò lè ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ wá, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Kí ló ń rùn?" Ó tẹ̀ síwájú, ó ká aṣọ ẹsẹ̀ mi sókè. Gbogbo ìka márààrún ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní kí Bàbá tú u.

"Ẹ má bà á jẹ́," ni Bàbá wí. "Adìyẹ ti rìn."

"Adìyẹ kọ́ ni ìyàwó mi."

"Àbúrò, fara balẹ̀," ni Àǹtí Àdùkẹ́ wí.

"Àǹtí, ẹ dákẹ́!" Mi ò gbọ́ ọ kó bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi abẹ gé ìdè náà kúrò fúnra rẹ̀. Ó gé mi lẹ́ẹ̀mejì, n kò mọ̀ ọ́n.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ náà la padà sí. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò ní ká tò sórí ìlà. Dókítà kan náà ló wò mí, kò bá mi wí. Ó ní bí àwọn bá gé e lónìí, orúnkún máa kù. Bó bá di ọ̀la, òun ò mọ̀. Ọkọ mi kọjú sí ògiri. Mo bi dókítà pé ibo gan-an ni. Ó fi ọwọ́ hàn mí. Mo fi ìka tèmi lé e: ìka mẹ́rin sísàlẹ̀ orúnkún. Mo ní ó dáa. Wọ́n tún gbé ìwé wá, mo kà á tán, mo fọwọ́ sí i.

Nígbà tí mo jí, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ń yún mi. Kò mọ nǹkan kan nígbà tó wà lára mi, ó wá ń yún mi nígbà tí kò sí mọ́. Nọ́ọ̀sì ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, kí n má rò pé mo ń ya wèrè. Ó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bá gé tiyín, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan.

Ti owó, ìlà kan ni màá fi sọ ọ́: a ta fíríìjì, a ta ẹ̀rọ ìránṣọ kejì, ọkọ mi sì jẹ gbèsè tó pẹ́ kó tó san tán. Àǹtí Àdùkẹ́ kò wá fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tó wá, ó kó gbogbo aṣọ mi, ó fọ̀ wọ́n, títí kan èyí tó mọ́. N kò bínú sí i. Mo wá inú mi bóyá màá rí ìbínú níbẹ̀, n kò rí i. N kò bínú sí Bàbá náà, nítorí àwọn kan jáde nílé rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọmọ ọlọ́kadà yẹn wá kí mi ní ìgbà mẹ́ta, ó gbé iṣu wá.

Ẹgbẹ́ onílé tún bọ́ǹpù ṣe. Wọ́n ní kí n wá, wọ́n gbé àga fún mi létí gọ́tà. Ọwọ́ ọ̀kadà fẹ̀ ju ti kẹ̀kẹ́ lọ, n kò wọn ọ́n nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n ri òpó símẹ́ńtì kan mọ́lẹ̀ sínú àyè náà débi pé kẹ̀kẹ́ nìkan ló lè yọ́ kọjá, wọ́n kun bọ́ǹpù ní funfun kí awakọ̀ lè máa rí i láti òkèèrè. Ọ̀pá ìfirìn mi kò gba ibẹ̀ kọjá dáadáa, orí bọ́ǹpù ni mo ń gbà. Mo sì ń rìn níbi tí mo ti lè máa wo ojú ọkọ̀ tó ń bọ̀, n kì í ka nǹkan lójú ọ̀nà mọ́.

Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe fún mi ni mo ń lò báyìí. Bí ojú ọjọ́ bá gbóná, ó máa ń bó mi lára, màá sì bọ́ ọ fún ọjọ́ méjì. Láti ilé mi dé oríta, ìṣẹ́jú méje ni tẹ́lẹ̀. Mọ́kàndínlógún ni báyìí. Ẹsẹ̀ òsì ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ń sùn dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tí mo ń ránṣọ fún sáré wá bá mi. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó yà sétí ọ̀nà Ìgàndò ló gbá a lórí kẹ̀kẹ́ ní àárọ̀ àná rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, àwọn aládùúgbò sì ti fi igi àti aṣọ dì í. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ìlú wọn, sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Obìnrin náà kò mọ ohun tó máa sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Mo mọ bó ṣe rí. Mo tẹ̀ lé e.

Ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé nọ́ọ̀sì ni yín?"

"Aránṣọ ni mí, mà."

"Aránṣọ? Kí ló kan aránṣọ nínú eegun?"

Mo ká ìró mi sókè, mo sì tú ẹsẹ̀ náà kúrò, mo fi lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó wo ibi tó parí sí.

"Ta ló ṣe é fún yín?"

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i, mà. Lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní kí ẹ má gbé e lọ síbi tí ẹ fẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ìdè yìí."

Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kókó aṣọ náà le débi pé eyín ni ìyàwó rẹ̀ fi tú u. Ẹsẹ̀ náà wú, ìka rẹ̀ kò dúdú, kò sì pọ́n. Ọkùnrin náà dùbúlẹ̀, ó di ojú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì dúró. Ìyá rẹ̀ wá dúró lẹ́yìn mi. A gbọ́ tí awakọ̀ ń fun fèrè níta pé kí a máa bọ̀, kò sẹ́ni tó jáde. N kò kà á, nítorí náà n kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà fa ojú ro, kò là á, ó ní:

"Màmá, ọwọ́ yín tutù."